Ẹ̀rọ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Fún ní Bridge Head

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí gan-an kó kúrò. Ọjọ́ náà ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀rọ kan ní Bridge Head, ní Onitsha, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun kó forí jì mí. Mi ò mutí o. Mi ò tilẹ̀ fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Ara mi le, orí mi pé, mo sì ní ìwé ẹ̀rí tí mo fi kọ́ sára ògiri.

Ohun tó rán mi létí ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi obìnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sọ nígbà tó wá kí mi. Ó ní kọ̀ǹpútà kan ń yọ òun lẹ́nu níbi iṣẹ́. Bí òun bá béèrè orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ètò kan, yóò pe orúkọ kan. Bí òun bá tún béèrè lábẹ́ ètò mìíràn, yóò pe òmíràn, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò sì mọ èyí tí wọn ó gbà gbọ́. Ó rò pé ohun tí òun ń sọ kò lè yé mi. Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni ẹ̀rọ ti fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sọ mí di wèrè láàárín ọjà." Ìtàn tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ogun ti parí nígbà náà, owó epo ti ń wọlé, Onitsha sì ń dìde. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ bí ìlú ṣe ń dùn tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni òòlù ti máa ń dún lórí òrùlé. Ọjà tí iná ogun jó ń padà sípò, wọ́n ti tún afárá tó dá lórí odò Ọya ṣe, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń tò tẹ̀lé ara wọn gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n ru sìmẹ́ǹtì, pákó àti páànù. Gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé, kò fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó débẹ̀, ni wọ́n bá ṣí ẹ̀ka tuntun sí Bridge Head. Wọ́n ní kí èmi ọmọ Ìwó, akọ̀wé kékeré ní ẹ̀ka Ìbàdàn, lọ máa bójú tó tẹ́lẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tẹ́lẹ́ẹ̀sì láyé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan ni, tí wọ́n so mọ́ wáyà. Ohun tí o bá ń tẹ̀ ní Onitsha, lójú ẹsẹ̀ náà ni ẹ̀rọ Èkó yóò máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tirẹ̀, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Èkó ni wọ́n ti kọ́ wa. Abilékọ kan ló ń kọ́ wa, rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé owó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀. Ó ní ká má ṣe kọ orúkọ ìlú wa rárá, nítorí pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó fi bọ́tìnnì méjì hàn wá tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí a bá bẹ̀rẹ̀ àti bí a bá parí, ó ní àlàyé wọn di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ni ilé-iṣẹ́ jù mí sínú ọkọ̀ Onitsha, nítorí pé wọ́n ń kánjú.

Ohun tí ì bá sọ fún mi nìyí, kí ẹ̀yin má bàa ṣìnà bíi tèmi. Irin róbótó kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ní eyín bí òòyà, wọ́n á sì ṣẹ́ àwọn eyín náà ní ọ̀nà tí yóò fi máa tẹ orúkọ kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì kìíní ń bi ẹ̀rọ òdìkejì pé ta ni ọ́, ìyẹn á sì dáhùn fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì kejì ń mú kí ẹ̀rọ tìrẹ pe orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ yìí kò sí nínú wáyà, kò sì sí lára ìlú tí o gbé ẹ̀rọ sí, inú irin yẹn ló wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé fún mi, ẹ̀ka Ìbàdàn ni wọ́n ti yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ra tuntun fún wọn. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà ní Èkó, ó ń dán gbinrin, wọ́n sì gbé e wá. Kò sí ẹni tó rántí irin inú rẹ̀. Etí odò Ọya ló jókòó sí, ó ń pe ara rẹ̀ ní IBADAN, èmi tí mo jókòó tì í kò sì mọ̀.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, ọ́fíìsì kún. Okwudili, ẹni tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí wa, ti lọ pe àwọn ará àdúgbò wá wòran, àwọn tó ń ta oògùn, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà. Mo dè tíè mọ́rùn. Mo pe Èkó, mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì, ẹ̀rọ sì gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, ó tẹ orúkọ méjì sórí bébà: LAGOS, lẹ́yìn náà IBADAN. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni àyà mi já.

Ìdí tó fi já nìyí. Bàbá Akínbọ̀dé ni mánìjà wa ní Ìbàdàn, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni wọ́n fi ẹ̀ka Onitsha sí. Àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Bí o bá kí i, yóò wò ọ́, yóò kùn díẹ̀ nínú ọ̀fun, o ó sì mọ̀ pé ó ti gbọ́. Òun ló ra bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n láti Èkó ni wọ́n ti gbé mi gba Onitsha lọ, mi ò sì padà sí Ìbàdàn lọ dágbére fún un. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Mo fo àgbà tó sọ mí dèèyàn dá, mo gba ìdálẹ̀ lọ láìsọ fún un pé ó dàbọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn láti orí afárá.

Nígbà tí mo wá rí IBADAN lórí bébà mi, kò sí ohun mìíràn tó lè jẹ́ lójú mi: Bàbá wà lórí wáyà. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń bá Èkó sọ. Ó kàn pe orúkọ ìlú rẹ̀ kí n lè mọ̀ pé òun ń rí mi, ó sì dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Pé ẹ̀rọ tí mo jókòó tì ló ń sọ̀rọ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ta ló ń pe orúkọ ara rẹ̀ sí ara rẹ̀ létí?

Ọmọ tí a kọ́, bí ó bá bá àgbà níbì kan, kí ni yóò ṣe? Yóò kí i ni. Lójú gbogbo àwọn tó ń wòran, mo tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, láìsí àmì, nítorí ẹ̀rọ òyìnbó kò mọ àmì: E KU AARO SA. ILE NKO. ESE TO N DUN YIN NKO. Mo tún tẹ bọ́tìnnì, mo dúró. IBADAN. Ó dá mi lóhùn. Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fún mi ní oyè. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ òwò tó jáde lọ́wọ́ mi lọ sí Èkó tí mi ò ní kọ́kọ́ kí Bàbá. Bó bá di ọ̀sán, e ku osan. Bó bá di Jímọ̀, e ku Jimo. Bí ọyẹ́ bá mú, e ku otutu. Mo rò pé wọ́n á máa sọ ní Èkó pé ọmọ náà mà ní ẹ̀kọ́ ilé o.

Àárín ìdùnnú yìí ni Mama Nọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ mí wá. Agbẹ̀bí ni ní Nkwelle Ezunaka, ìlú kan nítòsí Onitsha, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ tutù. Láti ìgbà tí ogun ti parí, abẹ́ tapólì ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ń gbẹ̀bí. Àwọn ará ìlú ti bá a fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, ògiri ti dúró, fèrèsé ti wà níbẹ̀, páànù nìkan ló kù, kò sì sí páànù ní Onitsha mọ́ nítorí pé gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Bí òjò bá bá ògiri amọ̀ láìlórùlé, yóò padà di amọ̀. Òjò kò sì jìnnà mọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń wò yẹn, ojú ẹsẹ̀ ló ń bá Èkó sọ̀rọ̀, àti pé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, páànù rẹ̀ yóò ti gun afárá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó pè mí ní "nwa m", ìyẹn ni pé ọmọ mi, orí mi sì wú.

Mo kí Bàbá, mo wá tẹ ọ̀rọ̀ náà ní òyìnbó tó gún régé, pé kí wọ́n fi páànù ránṣẹ́ sí wa níbí kíákíá, mi ò sì fi orúkọ mi sí i, nítorí pé owó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbí, ni mo wí. Mi ò kọ Onitsha, ṣebí wọ́n ti ní ká má kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yí po, páànù kò dé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo bù kún un. Kò dé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bóyá wọn á rí i pé mi ò ṣeré. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń gba orí afárá wá bá mi.

Ibi tó burú sí kò tíì dé. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí fúnra rẹ̀. A ó jókòó jẹ́jẹ́, yóò ta gìrì, yóò tẹ IBADAN sórí bébà, yóò sì kú fin-ín. Lónìí mo mọ̀ pé Èkó ló ń pè wá. Wọ́n á pe nọ́ńbà Onitsha, wọ́n á bi ẹ̀rọ pé ta ni ọ́, ẹ̀rọ á ní Ìbàdàn lòun, wọ́n á ní háà, a ti ṣi nọ́ńbà pè, wọ́n á já a. Èmi kò mọ̀ yẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bàbá ń pè mí, bí mo bá sì jẹ́ ẹ, yóò dákẹ́. Àgbà tó pe ọmọdé tó wá dákẹ́, ẹ mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ó ti wá yé mi ìdí tí páànù kò fi dé. Nítorí pé mi ò dágbére, Bàbá ti sọ fún Èkó pé kí wọ́n má dá mi lóhùn.

Mo sọ ọ́ fún Okwudili. Kò bá mi jiyàn rárá, ìyẹn ló sì dá mi lójú jù. Ó ní, "Your oga dey vex. You travel, you no carry kola go see am." Ó ní àwọn náà kì í fi ẹnu lásán kúrò lọ́dọ̀ àgbà nílùú wọn. Lọ́jọ́ kejì ó mú obì wá láti ilé, ó gbé e sínú àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. Ó ní obì kì í gbọ́ òyìnbó, kò sì dá òun lójú pé ó ń gbọ́ Yorùbá, nítorí náà òun ló ṣe àdúrà ní Ìgbò, èmi sì ń ṣe "isee", ìyẹn àmín tiwọn, tẹ̀lé e. A pa obì, a jẹ ẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì. IBADAN. Okwudili na ọrùn wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní Bàbá ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì rẹ́rìn-ín.

Mama Nọ́ọ̀sì ń lọ, ó ń bọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń jókòó, yóò bá wa ṣeré. Nígbà tó yá kò jókòó mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí ọ̀run ní apá Asaba, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Nwa m," ó ní, "rain no dey wait for Lagos."

Kò pariwo, kò bú mi. Ó ní obìnrin mẹ́rin ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn ti sún mọ́lé, àti pé ògiri wọ̀nyẹn, àwọn aboyún náà wà lára àwọn tó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ. Ó sàn kó gbá mi létí.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo pe Èkó. Mi ò sọ̀rọ̀ òwò mọ́. Yorùbá ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀: BABA MI, TI E BA FE LU MI E LU MI, SUGBON E MA FI TEMI JE MAMA NOOSI NIYA. OGIRI AMO NI ILE AGBEBI NKWELLE. OJO TI SU. Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣe mí bíi pé ẹ̀bẹ̀ tí a fi ìka bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àgbà wo ni wọ́n ń jókòó sórí àga bẹ̀? Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, àyà mi kanlẹ̀, mo wá na ọwọ́ kan sókè tẹ bọ́tìnnì. IBADAN. "Bàbá, ẹ forí jì mí." Mo tún tẹ̀ ẹ́. IBADAN. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." IBADAN. Mi ò já wáyà Èkó, nítorí náà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Bridge Head ni Èkó náà ń kà á.

Ilẹ̀kùn tí mo ní mo tì, mi ò fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mama Nọ́ọ̀sì gbàgbé agbòjò rẹ̀. Ó padà wá mú un, àwọn obìnrin méjì tó ń ta oògùn sì tẹ̀lé e, wọ́n bá mi ní ìdọ̀bálẹ̀, ọwọ́ mi lókè, mo ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹ̀rọ. Mama Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì mí pẹ̀lú ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, ó wò bóyá ó gbóná. Ó bi Okwudili, tó ti sáré wọlé láti ilé ìkẹ́rùsí, pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Okwudili, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yẹn dé ni. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Bridge Head ti gbọ́, àwọn tó ń ta oògùn sì ń fi oògùn ibà ta mí lọ́rẹ.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó le. Bó ṣe dá ni èmi àti Okwudili wọ ọkọ̀ lọ sí Nkwelle. A bá àwọn obìnrin tí wọ́n gun àpótí, wọ́n ń fi ẹní àti imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ògiri. Igun kan ti ya, amọ̀ pupa rẹ̀ ti ṣàn wọ inú koríko. Mama Nọ́ọ̀sì ti tú tapólì tó fi ń gbẹ̀bí, ó ti na án bo yàrá tí ó tóbi jù, aboyún kan sì jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Gbogbo ẹ̀rín tí mo ń rín yìí, mi ò rín in lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi ni mo fi ṣèlérí fún obìnrin yẹn. Mo gbé imọ̀ ọ̀pẹ pẹ̀lú wọn títí ọwọ́ mi fi bó, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Bridge Head, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan wà níwájú ọ́fíìsì wa, páànù kún inú rẹ̀ dé etí. Àgbàlagbà kan ń ti iwájú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń fa ẹsẹ̀ kan. Bàbá Akínbọ̀dé ni. Mi ò wo ẹrẹ̀, mi ò wo aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ forí jì mí."

Bàbá wò mí. Ó kùn díẹ̀ nínú ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí lọ.

"Kí lo ṣe mí tí mo fẹ́ forí jì ọ́? Páànù ti kún àgbàlá mi dé ẹnu géètì, ẹnikẹ́ni kò béèrè fún un. Mo bi Èkó, wọ́n ní èmi ni mo ní kí wọ́n kó o wá. Wọ́n ní láràárọ̀ ni mo ń kí ara mi. Wọ́n ní mo ń bi ara mi bí ẹsẹ̀ mi ti ṣe. Lánàá wọ́n ní mo ń pe Ìbàdàn, Ìbàdàn, Ìbàdàn, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí mo bá fẹ́ lu ara mi, kí n lù ú. Wọ́n ní kí n lọ rí dókítà orí, kí n máa múra ìsinmi."

Mo gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń dá mi lóhùn ni?"

"Nínú kí ni?"

Mo mú un wọlé. Bó ṣe fojú kan ẹ̀rọ náà, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀, ó sì rí ibi tó ti tẹ̀ nígbà tó já bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Ìbàdàn. Ó ní ẹ̀rọ òun àtijọ́ rèé. Ó ní kí Okwudili yọ wáyà tó lọ sí Èkó kúrò lára ògiri. Okwudili yọ ọ́. Kò sí ohun tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀dá kankan mọ́, àfi iná. Bàbá tẹ bọ́tìnnì. IBADAN. Ó tún tẹ̀ ẹ́. IBADAN. Ó yí ojú sí mi, ó ti yé mi. Láti bí oṣù kan ó lé, ara mi ni mo ń kí, ara mi ni mo ń bẹ̀, ara mi ni mo pa obì fún. Okwudili jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá ní nígbà tí Èkó fi ẹ̀bẹ̀ mi ìkẹyìn ránṣẹ́ sí òun láti fi hàn pé orí òun ti yí, òun rí Nkwelle nínú rẹ̀. Kò sí Nkwelle ní gbogbo Ìbàdàn. Ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo lòun sì ní tó kọjá odò Ọya, ọmọ tí kò lè ṣe kó máà kí èèyàn. Ó ní kí wọ́n kó páànù sọ́kọ̀, ó sì bá a wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Àwọn káfíńtà ti dúró ní Nkwelle, igi òrùlé ti wà lórí. Ẹ ò rí iṣẹ́ rí. Ọkùnrin ń kan ìṣó, obìnrin ń gbé páànù sókè, àwọn tó ń lọ sóko dúró, wọ́n gun àkàbà. Èmi tí mi ò kan ìṣó rí láyé mi, mo gùn ún. Òjò tún ṣú, kò sì rí nǹkan kan ṣe. Yàrá ìgbẹ̀bí ni a kọ́kọ́ bò. Ìlà ìkẹyìn ni wọ́n ń kàn nígbà tí òjò dé, gbogbo wa sá wọlé, omi sì ń bù sórí páànù tuntun débi pé a kò gbọ́ ara wa. Aboyún abẹ́ igi ti wà nínú yàrá lọ́hùn-ún. A kò gbọ́ igbe ọmọ. Mama Nọ́ọ̀sì ló jáde wá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, a sì mọ̀ pé ọmọ ti dé. Ó gba ojú gbogbo èèyàn kọjá, ó wá dúró níwájú mi, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó ní ibà náà ti lọ.

Èmi àti Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, à ń wo òjò. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ̀rọ̀. Bàbá kùn nínú ọ̀fun.

"Ẹsẹ̀ mi ti ń sàn díẹ̀," ó ní.

Kò yé mi.

"Ṣebí o béèrè. Ilé wà. Ìyá àwọn ọmọ ń kí ọ. Jímọ̀ tí o kí mi, mo gbà á, gbogbo rẹ̀. Ọyẹ́ mú lóòótọ́. A kú òjò yìí náà."

Èkó ti kó gbogbo ìkíni mi dà sí i lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí wèrè, ó sì ti kà wọ́n. Ó dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí òjò fi dá, kò fo ọ̀kan. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin yẹn lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé òun kò bínú rí pé mi ò dágbére, òun kàn rò pé mo ti gbàgbé òun ni. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún un pé òjò ni.

Kí wọ́n tó fi irin tuntun ránṣẹ́ sí wa láti Èkó, Bàbá pàṣẹ pé kí n máa kọ ọ́ sókè gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ pé irọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa, Onitsha ni wá. Owó ọ̀rọ̀ yẹn dun ilé-iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó ráhùn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé àgbà kan ń bínú, dìde, wọ ọkọ̀, kí o lọ bi í léèrè. Bí o bá jókòó tì í, o lè fi oṣù gbáko bá ara rẹ ṣọ̀tá, kí o bẹ ara rẹ títí, kí ara rẹ sì kọ̀ jálẹ̀ láti gbà. Èmi ṣe é. Mo rántí rẹ̀ lánàá níbi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá, mo fẹ́ pa ẹ̀rín náà mọ́ra, kò ṣeé pa mọ́ra, mi ò mọ ibi tí mo bá a dé mọ́, mo sì tún àlùwàlá náà ṣe.